Ẹ Má Bínú Sí Ọmọ Nọ́ọ̀sì Tó Ń Bi Màmá Yín Léèrè Orúkọ

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ọkàn mi kò ti kúrò lórí lẹ́tà kan tí ẹ gbé jáde, èyí tí ọ̀gbẹ́ni kan kọ nípa ìtọ́jú ìyá rẹ̀ ní ọsibítù. Ó ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì òde òní kò mọ àgbà mọ́. Ó ní ọmọ kan tí kò tíì ju ogún ọdún lọ dúró ti ìyá òun, ẹni ọdún 78, ó ní kí wọ́n sọ orúkọ wọn. Láàárọ̀ ó béèrè. Lọ́sàn-án ó tún béèrè. Nígbà tó dalẹ́, ó tún gbé káàdì oògùn dé: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lorúkọ yín?" Ó ní ọmọ náà tún ń wádìí ohun tí ìyá òun mu nílé bí ẹni ń tọpa olè. Èyí tó wá dùn ún jù ni pé kí ọmọ náà tó fún Màmá lábẹ́rẹ́, ó mú bébà, ó ń ṣe ìṣirò, ó sì tún lọ pe nọ́ọ̀sì àgbà kan wá wò ó. Ó ní ìyẹn fi hàn pé kò mọṣẹ́, àti pé ó yẹ kí ìjọba fòfin dè é kí akẹ́kọ̀ọ́ má fọwọ́ kan oògùn aláìsàn mọ́.

Mo gbà pé ìfẹ́ ìyá rẹ̀ ló jẹ́ kó kọ̀wé. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ni èmi. Ọdún 1985 ni mo wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, mo gba ìwé ẹ̀rí ní 1988, mo sì fẹ̀yìn tì ní 2023 lẹ́yìn ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́. Ọdún 14 nínú rẹ̀ ni mo fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nínú wọ́ọ̀dù. Gbogbo ohun tí ọ̀gbẹ́ni yìí kà sí ọmọ náà lọ́rùn, ohun tí mo fi ọdún 14 pariwo pé kí wọ́n máa ṣe ni. Ká ní mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ọmọ yẹn ni ǹ bá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi. Ọdún 1987 ni, mo wà ní ọdún kejì, wọ́n sì gbé mi lọ sí wọ́ọ̀dù àwọn ìyá ọlọ́mọ tuntun. Ilẹ̀ Yorùbá la wà, ẹ sì mọ bí a ṣe ń bí ìbejì sí. Lọ́sẹ̀ yẹn, Ìyá Ìbejì méjì ló wà ní wọ́ọ̀dù náà, bẹ́ẹ̀dì wọn kò sì jìnnà síra. Kò sẹ́ni tó ń pe ọ̀kankan nínú wọn lórúkọ. Ẹ̀jẹ̀ Ìyá Ìbejì kìíní ń ru, dókítà sì kọ Aldomet fún un, hóró méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 250mg. Ìyá Ìbejì kejì, ẹ̀jẹ̀ ló ti dà púpọ̀ lára rẹ̀ nígbà tó ń bímọ. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà jẹ́ 90 lórí 60. Bó bá dìde jókòó, òòyì á máa kọ́ ọ.

Mo da hóró méjì sínú ife kékeré, mo bu omi, mo dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Ìyá Ìbejì?" "Ẹ̀n, ọmọ mi." Ó ti nawọ́. Ó ti gba ife. Sístà tó ni wọ́ọ̀dù wà nídìí tábìlì wọn lọ́hùn-ún, wọn kò tilẹ̀ gbé ojú kúrò nínú ìwé tí wọ́n ń kọ. Wọ́n kàn ní, "Nọ́ọ̀sì, ka orúkọ tó wà lórí káàdì yẹn, kí gbogbo wọ́ọ̀dù gbọ́." Mo kà á. Obìnrin tó di ife mú ní, "Èmi kọ́ nìyẹn o. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nìyẹn."

Oògùn tó ń fa ìfúnpá wálẹ̀ ni mo fẹ́ fún ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ ti wálẹ̀ tán. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n nígbà tí mo gba ife náà padà. Sístà kò bú mi. Nígbà tí iṣẹ́ parí, wọ́n pè mí jókòó, wọ́n ní, "Ìyá Ìbejì kì í ṣe orúkọ. Oyè ni. O kò lè fún oyè lóògùn." Mi ò gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le fún àwa Yorùbá nìyí. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa pé a kì í pe àgbà lórúkọ. Ìyàwó ilé kì í dárúkọ ọmọ tó bá nílé ọkọ, bí ọmọ náà tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta. Á sọ ọ́ ní Akọ̀wé, á sọ ọ́ ní Adúmáadán. A wá mú ọmọ tí wọ́n tọ́ báyìí, a wọ aṣọ nọ́ọ̀sì sí i lọ́rùn, a ní kó lọ dúró níwájú ẹni tó lè bí ìyá rẹ̀, kó béèrè orúkọ. Mo ti rí i bí ọ̀fun wọn ṣe máa ń dí. Ní oṣù àkọ́kọ́, wọ́n á máa rìn yí i ká: "Ṣé ẹ̀yin ni Màmá Ṣàngó-Ọ̀tà, mà?" Aláìsàn tí ibà ń mú, tí etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa mọ́, tàbí tí kò kàn fẹ́ já ọmọ ọlọ́mọ kulẹ̀, á ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ti rí ẹni tó jẹ́ "bẹ́ẹ̀ ni" sí orúkọ mẹ́ta láàárín ọjọ́ méjì.

Ìdí nìyẹn tí a kì í fi béèrè ìbéèrè tí bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lè dáhùn. Aláìsàn fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ dárúkọ, kí nọ́ọ̀sì sì fi wé èyí tó wà lórí káàdì. Ìgbàkígbà tí oògùn bá ti fẹ́ wọ ara, ìbéèrè náà ní láti wáyé. Ẹni tó wà níbẹ̀ láàárọ̀ lè má jẹ́ ẹni tó wà níbẹ̀ lálẹ́, wọ́n sì lè ti gbé aláìsàn kúrò ní bẹ́ẹ̀dì kan lọ sí òmíràn. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ mi pé kí wọ́n kúnlẹ̀ béèrè bí wọ́n bá fẹ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n béèrè.

Nílé ẹ̀kọ́, ohun márùn-ún la máa ń kọ lórin kí wọ́n tó jẹ́ ká sún mọ́ tírọ́lì oògùn: ẹni tó tọ́, oògùn tó tọ́, ìwọ̀n tó tọ́, ọ̀nà tó tọ́, àkókò tó tọ́. Wọ́n ti fi òmíràn kún un lẹ́yìn tiwa, pàápàá kíkọ ọ́ sílẹ̀ ní kété tí aláìsàn bá ti gbé e mì. Ẹni tó kọ ọ́ ṣáájú, tí aláìsàn wá kọ̀ tàbí tó bì í, irọ́ ló kọ sínú ìwé. Ara ìgò oògùn náà, ẹ̀ẹ̀mẹta là ń kà á: nígbà tí a bá mú un kúrò níbi tó wà, nígbà tí a bá ń dà á tàbí tí a bá ń fà á, àti kí a tó dá ìgò padà. Lójú ẹni tó dúró ti aláìsàn, ó lè dà bí ẹni tí kò mọ̀wé kà. Ṣùgbọ́n ẹ wo orúkọ méjì yìí: hydralazine àti hydroxyzine. Ọ̀kan ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, ìkejì wà fún ara yíyún. Ẹni tó bá ń kánjú, tí iná tún ṣe bàìbàì, á kà wọ́n bí ọ̀kan náà.

Bébà tí ọmọ náà mú ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n ṣe ìṣirò kan níwájú yín. Ibà gbé ọmọ kan wọ wọ́ọ̀dù, wọ́n gbé e sórí ìwọ̀n, kílógíráàmù 12 ni. Dókítà kọ paracetamol, 15mg fún kílógíráàmù kọ̀ọ̀kan. 15 lọ́nà 12 jẹ́ 180mg. Oògùn olómi tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù jẹ́ 120mg nínú 5ml. 7.5ml ni ọmọ yẹn máa mu nìyẹn, kò sì gbọdọ̀ tún mu òmíràn kí wákàtí mẹ́rin tó pé, kò sì gbọdọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ lójúmọ́. Ó dà bí ohun tó rọrùn báyìí tí a jókòó. Àmọ́ paracetamol mìíràn tún wà fún ìkókó, èyí tí wọ́n ń fi dírópà kán, 100mg ló wà nínú 1ml péré. Ẹni tó bá fa 7.5ml nínú ìgò yẹn fún ọmọ kan náà, 750mg ló fún un. Orúkọ kan náà ló wà lára ìgò méjèèjì. Ẹ̀dọ̀ sì ni paracetamol àpọ̀jù ń bà jẹ́, kì í tètè sọ̀rọ̀. Ọmọ á máa ṣeré lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìyá á rò pé kò séwu, ó lè di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bí òróró. Ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́. Àgbàlagbà náà kò mọ̀ ọ́n bí kò bá ka ara ìgò.

(Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ṣíbí tí ẹ fi ń ro tíì kì í ṣe ìwọ̀n. Mo ti wọn ṣíbí ilé mi márùn-ún rí, kò sí méjì tó gba iye kan náà. Ṣíbí kékeré tàbí ife tó bá oògùn wá nínú páálí ni kí ẹ lò.)

Póíǹtì kékeré kan, tí kò ju ẹyin iná orí lọ, lè pa èèyàn. Hóró digoxin, oògùn ọkàn, 0.25mg ni. Bí dókítà bá kọ ọ́ ní .25 láìfi òdo ṣáájú, tí póíǹtì kò hàn, 25 ni ẹlòmíràn máa kà. Bí ó bá kọ 5.0, wọ́n lè kà á sí 50. Òdo gbọ́dọ̀ wà níwájú póíǹtì, kò gbọdọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ti insulin, oògùn àtọ̀gbẹ, tún le jù. Àwọn kan máa ń kọ "10U" fún units mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ bí bírò bá pa ẹnu U yẹn dé, òdo ni. Akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé irú káàdì bẹ́ẹ̀ wá bá mi lálẹ́ ọjọ́ kan, ó rọra ní, "Mà, ṣé 100 ni àbí 10?" Ojú ń tì í. Ó rò pé ìbéèrè òmùgọ̀ ni. Ọgọ́rùn-ún insulin lára ẹni tí mẹ́wàá tọ́ sí, ṣúgà ara rẹ̀ á wálẹ̀ títí yóò fi dákú, ó sì lè má jí mọ́. Mo dì mọ́ ọmọ náà níbi tó dúró sí. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tó gbọdọ̀ kọ U ní wọ́ọ̀dù mi. "Units" ni wọn yóò kọ, lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́.

Mo wá dé orí ìbéèrè tó dà bí ìwádìí olè. Ọ̀rọ̀ tí à ń pè ní "oògùn" yìí gan-an, ẹnu rẹ̀ méjì ni lédè wa. Bí ọmọ kékeré bá bi bàbá àgbà kan pé, "Ṣé ẹ lo oògùn kankan kí ẹ tó wá?", bàbá lè rò pé oògùn òyìnbó nìkan ló ń sọ, kó ní rárá, nígbà tí kẹ́ẹ̀gì àgbo wà lábẹ́ àga nílé. Ó sì lè gbọ́ ọ sí oǹdè àti ìgbẹ́rẹ́, kí ó máa rò pé ṣé olóògùn ni ọmọ yìí ń pe òun. Mo bá ní kí wọ́n yé béèrè oògùn. Kí lẹ mu láti àná? Kí lẹ jẹ? Kí lẹ fi para? Àgbo ńkọ́? Èyí tí wọ́n pò fún yín ní kẹ́mísìtì ńkọ́, tí wọ́n dì sínú ọ̀rá? Kí lẹ máa ń lò tí ara bá ń ro yín?

Lọ́dún 2016, bíríkìlà kan wá bá wa, orúnkún ló ní ó ń dun òun. Dókítà kọ abẹ́rẹ́ diclofenac 75mg fún un. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta kan ni mo ní kó fà á, kí n dúró tì í. Ó bi bàbá náà léèrè, bàbá ní òun kò lo nǹkan kan. Ó tún bi í pé, "Tí ẹ bá dé láti ibi iṣẹ́, tí ara ń ro yín ńkọ́, sà?" Bàbá rẹ́rìn-ín, ó wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó tú ìdí báàgì, ó mú ọ̀rá kékeré kan jáde, kápúsù ló kún inú rẹ̀. Alaalẹ́ ló ń lò ó, ó ti lé ní oṣù mẹ́ta, àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tí wọ́n fi ọtí rẹ ló sì fi ń sìn ín. Ọmọ náà kò mọ kápúsù náà. Ó kó o wá fún mi. Piroxicam ni. Mo wá béèrè irú ìgbẹ́ tí bàbá ń yà. Ó ní dúdú ni, dúdú bí ọ̀dà, ó ti tó ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ̀jẹ̀ ni. Inú ikùn rẹ̀ ló ti ń ṣẹ̀jẹ̀. Piroxicam àti diclofenac, ọmọ ilé kan náà ni wọ́n. Ohun kan wà tí ara ń pèsè, òun ló ń mú kí ibi tó fara pa wú, kó sì máa ro. Àwọn oògùn yìí ló ń dí i lọ́wọ́. Àmọ́ ìbátan ohun kan náà ló ń ṣọ́ ara inú ikùn kí omi kíkan tó wà níbẹ̀ má baà jẹ ẹ́. Nígbà tí o bá dí ọ̀kan, o ti dí èkejì náà. Ká ní a gún un ní abẹ́rẹ́ ọjọ́ yẹn, orí egbò la gún un sí. A pe dókítà, ó fagi lé diclofenac lójú ẹsẹ̀, ó dá bàbá dúró sí wọ́ọ̀dù, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ náà níṣojú gbogbo wa. Ìbéèrè kan ṣoṣo, èyí tó lé lórí "rárá" tí bàbá kọ́kọ́ sọ, ló ṣe é.

Ohun tí mo fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ nípa oògùn kò ju báyìí lọ: ibo ló gbà wọlé, ibo ló ń lọ, ta ló ń sọ ọ́ di nǹkan mìíràn, ta ló ń lé e jáde. Oògùn tí a bá gbé mì, ọ̀dọ̀ ẹ̀dọ̀ ló kọ́kọ́ ń dé kó tó dé ibi yòókù, ẹ̀dọ̀ sì dà bí oníbodè ayé àtijọ́: á gba tirẹ̀. Nígbà mìíràn, tirẹ̀ ló pọ̀ jù. Ìdí nìyẹn tí hóró nitroglycerin tí wọ́n ń fún ẹni tí àyà ń dùn fi jẹ́ pé abẹ́ ahọ́n là ń fi í sí. Ibẹ̀ ló ti ń gbà wọnú ẹ̀jẹ̀ láìbá oníbodè pàdé. Ìdí náà nìyẹn tí iye tí a ń gún sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ kì í fi í sábà jẹ́ iye tí a ń gbé mì. Àwọn hóró kan tún wà tí wọ́n ṣe kí wọ́n máa tú díẹ̀díẹ̀ nínú ikùn. Ọmọbìnrin kan lọ nifedipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, irú bẹ́ẹ̀ lúúlúú sínú ẹ̀kọ nítorí ìyá rẹ̀ kò lè gbé hóró mì. Ìfẹ́ ló fi ṣe é. Oògùn tó yẹ kó fi wákàtí mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ ya wọ inú ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìfúnpá ìyá já wálẹ̀, wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, kò lè dá jókòó.

Kíndìnrín ló wá ń lé púpọ̀ nínú wọn jáde. Bí a ṣe ń dàgbà ni iṣẹ́ rẹ̀ ń fà. Màmá ọdún 78 lè dá ṣáká lójú, kí kíndìnrín rẹ̀ má yára bíi ti ọmọ ọdún 30 mọ́. Ọ̀gbẹ́ni yìí kò dárúkọ abẹ́rẹ́ tí wọ́n fún ìyá rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ gentamicin, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, ni, ìwọ̀n ara àti ipò kíndìnrín ni a fi ń ṣírò rẹ̀, nítorí pé bí ó bá pọ̀ jọ sínú ara, ó lè ba kíndìnrín jẹ́, ó sì lè dí etí pa, etí yẹn kì í sábà là mọ́. Ẹ wá sọ fún mi, ṣé ẹ fẹ́ kí ọmọ náà fà á láìṣírò?

Mo máa ń fi igbá omi kọ́ wọn. Bu omi kún igbá, kí o máa da ìdajì rẹ̀ nù láàárín àkókò kan náà. Paracetamol 1000mg, ní wákàtí méjì sí mẹ́ta ó ti ku ìdajì, lẹ́yìn ìyẹn ìdajì ìdajì. Ìdí nìyẹn tí a fi ń lò ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Digoxin ní tirẹ̀, ó ń tó ọjọ́ kan àbọ̀ kó tó ku ìdajì, nítorí náà ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ló tó. Kí a tó fún àgbàlagbà ní digoxin, a máa ń fi ìṣẹ́jú kan gbáko ka bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Bí kò bá tó 60, a kì í fún un, dókítà là ń pè.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìkan péré kún un. Aboyún kan tí gìrì gbé, wọ́n gbé e wọlé ní òru. Magnesium sulphate ló ń gba irú wọn là: gíráàmù 4 sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe gbàrà, gíráàmù 5 sí ìdí ọ̀tún, gíráàmù 5 sí ìdí òsì, lẹ́yìn náà gíráàmù 5 ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, sí ìdí kan lẹ́yìn èkejì. Oògùn rere ni, ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀ jù nínú ara, ó lè dá èémí dúró. Nítorí náà, ní gbogbo ìgbà tí ó bá tó àkókò òmíràn, akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lọ́dọ̀ mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn á kọ́kọ́ ka èémí rẹ̀, kò gbọdọ̀ dín sí 16 ní ìṣẹ́jú kan. Á wo àpò tí ìtọ̀ rẹ̀ ń dà sí, kò gbọdọ̀ dín sí 30ml ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, nítorí inú ìtọ̀ ni oògùn náà ń bá jáde. Á wá mú òòlù kékeré, á fi kan orúnkún rẹ̀ bóyá ẹsẹ̀ yóò ta. Ẹsẹ̀ tí kò bá ta mọ́ ni àmì àkọ́kọ́ pé oògùn ti ń pọ̀ jù, kó tó kan èémí. Calcium gluconate, tí í ṣe ẹ̀rọ̀ rẹ̀, wà lórí tábìlì, a ti fà á sílẹ̀.

Ìyá ọkọ obìnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó bú ọmọ náà. Ó ní ìyàwó ọmọ òun ń kú lọ, nọ́ọ̀sì ń fi òòlù gbá a lórúnkún bí ọmọdé tó ń ṣeré. Ọmọ náà kò dáhùn, omi kàn lé ròrò sí i lójú, ó sì ń ka èémí lọ. Ní agogo méjì òru, ó kan orúnkún náà, ẹsẹ̀ kò ta. Ó pè mí. A kò fún un ní ti agogo méjì yẹn, a pe dókítà, a jókòó tì í. Nígbà tó yá, ìtọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá dáadáa, ẹsẹ̀ tún ta. Obìnrin náà gbé ọmọ rẹ̀ lọ sílé lọ́jọ́ kẹsàn-án.

Nípa òfin tí ẹ ní kí ìjọba ṣe, ibi kan wà tí mo bá yín dé. Akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ dá fún èèyàn lóògùn. Nọ́ọ̀sì tó ti gba ìwé ẹ̀rí gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó wo ìgò, kó wo ìṣirò, kó wo ọwọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń dá gún abẹ́rẹ́, ẹ fẹjọ́ sùn, kí ẹ má sì padà lẹ́yìn ẹjọ́ náà. Ẹjọ́ yẹn, ọ̀dọ̀ àwa àgbà ló ń lọ. Nọ́ọ̀sì ti japa tán. Mo ti wà ní wọ́ọ̀dù tí àwa méjì péré ń tọ́jú aláìsàn 34 lóru, mo sì mọ bó ṣe máa ń wuni láti na ọwọ́ sí akẹ́kọ̀ọ́ pé kó lọ parí tibẹ̀ yẹn. Kò tọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ bá ní kó má fọwọ́ kan oògùn títí yóò fi gba ìwé ẹ̀rí, ọjọ́ wo ni yóò kọ́ ọ? Ara ta ni yóò ti kọ́ ọ, nígbà tí kò bá sí ẹni tó dúró tì í mọ́?

Ọ̀rọ̀ mi tó kù, ẹ̀yin àgbà ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin dókítà ni mo ní í bá sọ. Ní 2017, Àjọ Ìlera Àgbáyé pe gbogbo orílẹ̀-èdè láti dín ìpalára ńlá tí àṣìṣe oògùn ń fà kù sí ìdajì láàárín ọdún 5. Ìpàdé àti páálí tí a gbé kọ́ ara ògiri kò ní ṣe é fún wa. Mo ti gbọ́ dókítà tó ní "Ṣé ìwọ ló fẹ́ kọ́ mi?" sí ọmọ tó pè é lórí fóònù torí kò lè ka ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀. Mo ti rí nọ́ọ̀sì àgbà tó fi akẹ́kọ̀ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú aláìsàn pé kò mọ ìsọdipúpọ̀. Ọmọ tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí lẹ́ẹ̀kan, kò ní béèrè nígbà kejì. Á fojú bu ú. Èmi alára ti ṣe irú rẹ̀ rí, lọ́dún tí àárẹ̀ mú mi jù, mo kígbe mọ́ ọmọ kan tó bi mí ní ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Mo padà lọ bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ó ní, "Kò burú, mà," ṣùgbọ́n ó tó oṣù kan kó tó tún lè bi mí ní nǹkan, gbogbo oṣù náà ni mo sì fi ń yẹ káàdì rẹ̀ wò lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ìbẹ̀rù.

Ọ̀gbẹ́ni, ẹ bá mi kí Màmá. Ẹ ní mo ní kí wọ́n má bínú sí ọmọ náà, kí wọ́n dárúkọ wọn fún un ní kíkún, orúkọ àbísọ àti ti bàbá, bó bá béèrè lẹ́ẹ̀mẹwàá. Lọ́jọ́ tí ẹ bá tún ń gbé wọn lọ sí ọsibítù, ẹ kó gbogbo ohun tí wọ́n ń lò sínú ọ̀rá kan: hóró tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí, ìgò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bíbélì tàbí Kùránì wọn, àgbo, àpòpọ̀ kẹ́mísìtì, oògùn ojú, gbogbo rẹ̀. Ẹ gbé e lé ọmọ náà lọ́wọ́ kó tó béèrè. Ẹ óò rí i bí ojú rẹ̀ yóò ṣe rí.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Nọ́ọ̀sì àgbà tó ti fẹ̀yìn tì,
Abẹ́òkúta